Adìyẹ Tí Ìyá Rẹ Fi Ọwọ́ Òsì Gé

Ìkòsì, lọ́nà Kétu,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Táófíìkì ọmọ mi, Àkànní,

Ìyàwó rẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló dé. Lọ́rì tó gbé e láti ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ìdó já a sílẹ̀ ní Kétu, ó sì ru àpótí rẹ̀ fúnra rẹ̀ dé Ìkòsì. Ara rẹ̀ le. Ó ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó ti sùn. Àwọn aládùúgbò bi mí pé kí ló dé tó nìkan dé, mo ní ó wá kí mi ni.

Báwo ni iṣẹ́? Báwo ni Kàdúná àti ọyẹ́ ibẹ̀? Èmi náà ṣì wà. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ pẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ mọ́, ojú mi náà sì ti ń fi ìwé sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà má ṣe kà á ní ìkánjú. Ó ti rẹ̀ mí, Àkànní. Kì í ṣe àárẹ̀ oko. Kí ènìyàn dàgbà tán, kó wá bá àṣìṣe ara rẹ̀ nínú ilé ọmọ rẹ̀, àárẹ̀ ìyẹn kò ní oorun tí a lè fi wò ó.

Nígbà tí Múínátù sinmi tán, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà rẹ fún mi. Ó ní, “Bàbá, ọmọ yín ní kí n fún yín.” Kò mọ̀wé kà, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. O di ẹ̀sùn ọmọ ọlọ́mọ sínú ìwé, o lẹ̀ ẹ́ pa, o sì ní kí ó gbé e wá fúnra rẹ̀. Ó fi sáyà láti Kàdúná dé ibí bí ẹni tó gbé owó. Mo kà á níwájú rẹ̀. Ó ń wo ojú mi bí mo ṣe ń kà á. Ó ní, “Bàbá, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkíni.” Mo ní kó lọ bá mi gbé omi síná.

Ohun tí o kọ kò pọ̀. O ní owó oṣù rẹ kéré, o sì ti sọ fún un pé odidi adìyẹ ni kí ẹ máa rà, kí ẹ máa gé e nílé, torí ó dínwó ju kí ẹ máa ra ẹran wẹ́wẹ́ lójoojúmọ́. Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. O ní kàkà kó gé e, obìnrin kan ní àgbàlá yín ló ń gbé e lọ fún, ìyẹn sì ń yọ ọrùn, ẹsẹ̀ àti iwe fún owó iṣẹ́ rẹ̀. O ní o kò mọ̀ nípa èyí nígbà tí o wá iwe nínú ọbẹ̀ tí o kò rí i. O bi í, kò lè dáhùn. O ní òun ló jẹ ẹ́. O pè é ní olè. Ọjọ́ kẹta ni o tó gbọ́ láti ẹnu obìnrin àgbàlá yẹn pé ọ̀dọ̀ òun ni iwe náà wà. Dípò kí o bẹ ìyàwó rẹ, o tún wá sọ pé obìnrin tí kò lè gé adìyẹ kò wúlò fún akọ̀wé tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, o sì já ìwé ọkọ̀ fún un.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó bá ọ wí, jẹ́ kí n bá ara mi wí.

O rántí ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Àtàǹpàkò rẹ̀ kì í ká. Bó bá fẹ́ mú abẹ́rẹ́, ìka méjì yòókù ló fi ń há a. Nígbà tí ẹ wà ní kékeré tí ẹ bá bi í, a máa ń sọ pé àdá ló ṣá a lóko. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà, ó sì bá mi gbé e títí ó fi kú.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà náà. Mò ń ṣe kúùkù fún Òyìnbó kan ní Ìkòyí. Inú yàrá tí wọ́n kọ́ fún wa lẹ́yìn ilé Òyìnbó ni mò ń sùn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń wálé, láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àbúrò rẹ Sìdíkátù lórúkọ ni. Ara ìyá rẹ kò yá. Ọmú rẹ̀ ọ̀tún wú, ó le bí òkúta, kò sì lè gbé apá náà sókè. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé àgbébọ̀ adìyẹ kan wá, ó ní kí a fi se ọbẹ̀ ata fún abiyamọ kí ara rẹ̀ lè mókun. Òun ń lọ sí Ìkòròdú, kò lè dúró.

Mo dúńbú adìyẹ náà. Pípa kò ní ìtìjú lójú mi, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ìyá rẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo tu ìyẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tu ú tán. Ó wá pè mí.

Ó ní, “Bàbá Táófíìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e. Apá mi ò gbé ọ̀bẹ.”

Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí kí a jọ lọ sí Kétu. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kúùkù ti délé.” Eré ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi. Ní Ìkòyí, mo lè gé adìyẹ sí ọ̀nà mẹ́wàá kí omi tó hó. Ní Ìkòsì, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí pé ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi ń jẹun. Mo gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́. Mo ní, “Òyìnbó ń sanwó fún mi kí n tó gé adìyẹ. Ìwọ, èló lo fẹ́ san?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ gbé àwo náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó padà láti Kétu. Ọbẹ̀ ti jinná. Ó ti bu tèmi sọ́tọ̀, itan kan àti iwe, ó fi ìdérí bò ó. Aṣọ funfun kan wà lára ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Mo bi í pé kí ló ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀bẹ yọ̀.” Ọwọ́ òsì ló fi di ọ̀bẹ mú, ó fi ọ̀tún tí kò lágbára di ẹran. Mo ní kó fi ewé sí i. Mo jókòó, mo jẹ oúnjẹ mi tán, mo jẹ iwe náà, mo sì padà síbi iṣẹ́.

Nígbà tí mo dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ náà ti wú dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Èkó. Dókítà ní ọmú yóò sàn, ọgbẹ́ náà yóò jinná, ṣùgbọ́n iṣan tó ń ká àtàǹpàkò ti gé, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i.

O kò lè rántí pé irun ni ìyá rẹ ń dì kó tó di pé ó ń ta iyọ̀. Àwọn obìnrin ń ti Kétu wá bá a. Kò sẹ́ni tó ń la irun tó tọ́ bí tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí. Onídìrí tí àtàǹpàkò rẹ̀ ò ká, kí ló kù fún un? Wọ́n tún wá fún bí oṣù kan, wọ́n jókòó, ó gbìyànjú, irun ò dúró. Wọn ò wá mọ́. Ó kó ìlàrí àti ìyarun rẹ̀ sínú igbá, ó gbé e sórí àjà. N kò rí i kó sunkún. Ì bá dára kó sunkún.

Ọ̀rẹ́ mi tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ti kú. Ẹ̀rín rẹ̀ kò pẹ́ tó kí ènìyàn ka ẹsẹ kan nínú àdúrà. Ọwọ́ ìyá rẹ wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún.

Láti ìgbà yẹn, èmi ni mò ń gé adìyẹ nínú ilé yìí, ṣùgbọ́n mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, kí ará ìta má bàa rí mi. Lọ́jọ́ kan mo gé e, ó mọ́ tónítóní, mo gbé e wá síwájú rẹ̀, mo ń retí ìyìn. Ó wò ó dáadáa. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Ó dára. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá ló ṣe sọ ọ́.

Ọdún tó kù díẹ̀ kó kú ni mo tó bẹ̀ ẹ́. Mo wá ọ̀rọ̀ náà fún ọdún méjìdínlógún kí n tó rí i sọ. Ó ní, “Ó ti pẹ́.” Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ohun tó ń sọ ni pé ó ti pẹ́ tí òun ti dárí jì mí, tàbí pé mo ti pẹ́ jù. N kò lè bi í mọ́.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o mú nínú rẹ̀.

Èkíní, kọ́ bí a ṣe ń gé adìyẹ. Ìwọ ni mò ń bá wí, kì í ṣe ìyàwó rẹ. Pọ́n ọ̀bẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ tí kò mú ló ń yọ̀. Má jẹ́ kí omi tí o fẹ́ fi tu ìyẹ́ hó jù, kí awọ má bàa bó. Wì í lórí iná, fọ̀ ọ́. Gé ẹsẹ̀ méjèèjì níbi oríkèé, gé ọrùn. Fa itan síta, gé awọ tó so ó mọ́ ikùn, kí o tẹ itan náà sẹ́yìn títí oríkèé yóò fi yọ. Ibẹ̀ ni kí ọ̀bẹ gbà kọjá. Baba Kálábà kan tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìkòyí máa ń sọ pé ọ̀bẹ tó bá ń dún lára eegun, ọwọ́ ẹni tí kò fara balẹ̀ ló wà. Ṣe apá bákan náà. La abẹ́ ìdí díẹ̀, fi ọwọ́ fa ìfun jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òróòro wà lára ẹ̀dọ̀, kékeré ni, àwọ̀ ewé. Gé e pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lára, má fi èékánná kàn án. La iwe, da iyanrìn inú rẹ̀ nù, bó awọ líle inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o ya àyà kúrò lára ẹ̀yìn.

Adìyẹ kan tí a bá gé báyìí, ọjọ́ mẹ́ta ni fún ẹni méjì. Ọrùn, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti apá ni kí ẹ kọ́kọ́ sè. Eegun ló ń mú ọbẹ̀ dùn. Fi iyọ̀ ra itan àti àyà, ẹ yan wọ́n lórí iná pẹ̀lẹ́ títí wọn yóò fi gbẹ díẹ̀, wọn yóò dúró dè yín. Ọ̀rá abẹ́ awọ, ẹ yọ́ ọ, ẹ fi dín ata. Báyìí ni owó kékeré ṣe ń tó. Ṣùgbọ́n bí o bá jókòó tí o ń retí kí ẹlòmíràn gé e, kì í ṣe owó lo fi pamọ́, agbára ẹlòmíràn lo ń ná.

Ìkejì, bí ẹnì kan nínú ilé rẹ bá bẹ̀ ọ́ ní ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe, dìde lọ́jọ́ náà. Má wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí o tó dìde. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò ní bá ọ gbélé.

Ìkẹta, kí o tó dá ẹnì kan lẹ́bi, bi í ní ìdí ohun tó ṣe; òun ló le jù, òun náà ló sì mú mi kọ̀wé. Ní àná, mo bi Múínátù ní ohun tí ìwọ kò bi í ní gbogbo àkókò tí ẹ fi jọ gbé. Mo ní, “Ọmọ mi, kí ló dé tí o kì í gé adìyẹ fúnra rẹ?”

Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú.”

Mo ní n kò bínú.

Ó ní, “Nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo ti dàgbà, wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹran. Ìyàwó wọn ní ọmọ òrukàn ò ṣeé gbé ẹran síwájú. Bí wọ́n bá ń gé e, wọn á ní kí n kọjú sí ògiri. Bí wọ́n bá kà á tí kò pé, èmi ni wọ́n máa ń nà. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá di ọ̀bẹ ẹran mú, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n. Mo rò pé bí ẹlòmíràn bá ń gé e, kò sẹ́ni tí yóò pè mí lólè.”

O gbọ́, Àkànní? Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. O ti gbé e níyàwó láti ọdún kan àbọ̀, o kò mọ ohun tó ń lé e. Nínú gbogbo orúkọ tó wà láyé, èyí tó sá fún láti ilé tó ti dàgbà wá sílé rẹ, òun gan-an lo pè é. Lórí iwe adìyẹ tí kò tó ẹnu kan. Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀ pé ọ̀bẹ yóò yọ̀.

Mo rán ọmọbìnrin aládùúgbò wa lọ sí Kétu kí ó bá wa ra adìyẹ kan. Èmi àti Múínátù gbé àpótí ìjókòó síta, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà lọ sódò. N kò ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń kọjá ń kí wa, àwọn kan dúró wò. Mo gé ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ pé kí ó gé ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tó dé ìdí òróòro, ó bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé orí sókè, ó wò mí bí ẹni tó ń dúró de ìgbájú. Mo ní, “Fi omi ṣàn án. Ẹ̀dọ̀ yẹn ti lọ, ìyókù wà.” Ó ṣàn án. Ó ń gé lọ.

Nígbà tó parí, ó tò wọ́n sínú àwo, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, ó pé.” Mo sọ fún un pé nínú ilé yìí a kì í ka ẹran.

A se é. Mo bu iwe fún un. Ó kọ̀ ọ́, ó ní tàgbà ni. Mo ní àgbà ló fún un. Ó gbà á níkẹyìn, ó kọjú sí ògiri, ó jẹ ẹ́. Mo wo ẹ̀yìn ọmọ náà, mo sì rántí ẹni tó jókòó níwájú mi ní ogún ọdún ó lé sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́, tí mo sì ń jẹun lọ. Mo gbé àwo tèmi sílẹ̀.

N kò ní ìmọ̀ràn púpọ̀ mọ́. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Èyí tí o jù sílẹ̀ ní Kàdúná ti fọ́, n kò lè bá ọ kó o jọ láti Ìkòsì. Má rán owó ọkọ̀ wá. Má kọ̀wé sí i, nítorí kò lè kà á, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹnu tí o fi bẹ̀ ẹ́. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré, kí o sì wá fúnra rẹ. Bí ó bá bá ọ padà, kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ sáàárín yín. Bí ó bá ní òun yóò dúró lọ́dọ̀ mi díẹ̀ sí i, yàrá ìyá rẹ ṣófo, ó ti gbálẹ̀ rẹ̀, yóò máa gbé e.

Ọjọ́ tí o bá dé, má kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. N kò ní bínú. Gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ẹ̀yìnkùlé ni wàá ti rí i. Lọ bá a níbẹ̀ ná.

Èmi ni bàbá rẹ,
Búràímọ̀.